Dókítà tó ń wo kíndìnrín yín, ìgbà wo ló kàwé kẹ́yìn?

Nọ́ńbà méjì ló wà lórí ìwé àyẹ̀wò náà. Ọ̀kan jẹ́ 53, èkejì jẹ́ 64. Wọ́n kọ ọ́ síwájú 53 pé ti ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ dúdú ni, wọ́n sì kọ ọ́ síwájú 64 pé ti aláwọ̀ dúdú ni. Ẹ̀jẹ̀ kan náà o, abẹ́rẹ́ kan náà, ọjọ́ kan náà.

Àbúrò bàbá mi tí gbogbo ẹbí ń pè ní Dádì Lafenwá ló ni ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ọdún 2022 ni, ẹni ọdún 61 sì ni wọ́n nígbà náà. Awakọ̀ ni wọ́n, ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Èkó ni wọ́n ń ná láti ìgbà tí mo ti wà ní pámárì. Ẹsẹ̀ wọn ń wú. Ó ń rẹ̀ wọ́n ṣáá. Lóru, wọ́n á jí tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀máàrún láti lọ tọ̀, wọ́n á sì dúró pẹ́ níbẹ̀, ìtọ̀ á kàn máa kán tó, tó, tó.

Èmi ni mo wa mọ́tò gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan tí kò jìnnà sílé. Dókítà ibẹ̀, ẹni tí gbogbo àdúgbò fẹ́ràn, wo ìwé náà, ó fi ìka tọ́ 64, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá, kíndìnrín yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Táífọ́ọ̀dù ló ń dà yín láàmú." Inú wa dùn. A sanwó, a ra oògùn, a kọrí sílé. Nígbà tí a dé Pansẹ́kẹ̀, Dádì ní kí n dúró, àwọn fẹ́ ra bọ̀ọ̀lì.

Oṣù méje lẹ́yìn náà, ìtọ̀ dúró pátápátá.

Ilé ìwòsàn ńlá la sáré gbé wọn lọ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n ki rọ́bà bọ ọ̀nà ìtọ̀ wọn, ohun tó dà jáde lé ní lítà méjì. Wọ́n ṣe scan, wọ́n rí i pé ìtọ̀ tó há ti padà gòkè, ó ti mú kíndìnrín méjèèjì wú. Prósítéètì tó tóbi jù ló fún ọ̀nà pa. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ẹ̀rọ ti ń bá Dádì fọ ẹ̀jẹ̀.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀ tó wá wò wọ́n ní kí n gbé ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ wá. Ó wò ó títí. Ó ní, "Lọ́yà, 64 yìí ò sí mọ́. Wọ́n ti pa á rẹ́ láti 2021."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn. Báwo ni wọ́n ṣe máa pa nọ́ńbà rẹ́ tí ẹni tó ń fi í wo aláìsàn ò ní gbọ́?

Mi ò kàwé dókítà o, òfin ni mo kà, àmọ́ bí a ṣe ń wá ìwé rí, lọ́yà mọ ìyẹn. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń wọ̀n ni bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó. Ẹ rántí asẹ́ tí àwọn ìyá wa fi ń sẹ́ ògì. Tí asẹ́ inú ara bá ti ń bàjẹ́, ìdọ̀tí kan tí wọ́n ń pè ní creatinine á máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á wọn creatinine náà, wọ́n á ro ọjọ́ orí mọ́ ọn, wọ́n á wò ó bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, wọ́n á wá ṣírò rẹ̀. Tí ohun tó jáde bá wà lábẹ́ 60 fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àrùn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti dé nìyẹn. Tó bá wá lọ sábẹ́ 15, kíndìnrín ti ń daṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ padà wo 53 àti 64. Ọ̀kan wà lábẹ́ 60, ọ̀kan wà lókè rẹ̀. Níbo wá ni 64 ti wá?

Ní 1999, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà ìṣirò kan jáde. Wọ́n kíyè sí i pé creatinine àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà nínú ìwádìí wọn máa ń ga ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ, bí kíndìnrín wọn tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bákan náà. Àlàyé tí àwọn ènìyàn wá ń ṣe ni pé iṣan ara aláwọ̀ dúdú ló pọ̀. Bó ṣe di pé tí aláìsàn bá ti jẹ́ aláwọ̀ dúdú, wọ́n á fi nǹkan bí 21 nínú 100 kún nọ́ńbà rẹ̀ nìyẹn. Ìlànà míì tó jáde ní 2009 dín in kù sí nǹkan bí 16, kò yọ ọ́. Dádì Lafenwá nìyí, tí ẹ bá rí wọn ẹ ó rò pé atẹ́gùn lè gbé wọn, síbẹ̀ ìṣirò Amẹ́ríkà ní iṣan wọn pọ̀ nítorí àwọ̀ ara wọn.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni American Society of Nephrology àti National Kidney Foundation kéde pé kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ àwọ̀ kúrò nínú ìṣirò náà, wọ́n sì gbé ìlànà tuntun jáde. Mo fi creatinine Dádì, 1.37, sínú ìlànà tuntun yẹn lórí fóònù mi. 59 ló jáde. Ẹ ò rí i, 59 sí 64, márùn-ún péré ni ìyàtọ̀. Àmọ́ 59 á jẹ́ kí dókítà sọ pé ẹ padà wá ní oṣù mẹ́ta, ẹ lọ yẹ ìtọ̀ wò, ẹ lọ ṣe scan. 64 jẹ́ ká lọ ra bọ̀ọ̀lì.

Kí n má purọ́, nọ́ńbà nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Ọkùnrin ẹni ọdún 61 tó ń jí lẹ́ẹ̀máàrún lóru láti tọ̀, ó yẹ kí ẹnì kan béèrè nípa prósítéètì rẹ̀ kí wọ́n tó mú orúkọ táífọ́ọ̀dù bọnu. Ibí yìí gan-an ni mo ti wá mọ̀ pé oríṣi dókítà méjì ló ń tọ́jú ohun tí àwa ń pè ní àrùn kíndìnrín. Ọ̀kan ń fi oògùn tọ́jú asẹ́ fúnra rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ fífọ̀ bọ́ sọ́wọ́ tirẹ̀. Èkejì ni oníṣẹ́ abẹ tó ń rí sí ọ̀nà omi: òkúta inú kíndìnrín, prósítéètì, ọ̀nà ìtọ̀ tó ti fún. Ẹni tó bá ti gbé Abẹ́òkúta lásìkò òjò mọ̀ pé tí gọ́tà bá dí nísàlẹ̀, inú ilé ni omi ń padà sí. Ọ̀nà ìtọ̀ náà ò yàtọ̀. Oníṣẹ́ abẹ tó bá mọ gọ́tà tí kò mọ asẹ́ lè ṣí ọ̀nà kó má mọ̀ pé asẹ́ ti bàjẹ́. Ẹni tó bá sì mọ asẹ́ nìkan lè máa fún aláìsàn ní oògùn nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà ló dí. Àwọn méjèèjì ló yẹ kó máa jókòó gba ẹ̀kọ́ pọ̀, pẹ̀lú dókítà àdúgbò tó jẹ́ pé òun ló máa ń kọ́kọ́ rí aláìsàn.

Ẹ̀kọ́ náà kò dúró lójú kan, pàápàá èyí tó kan àwa Yorùbá. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ṣàwárí pé àbùdá àjogúnbá kan tó ń jẹ́ APOL1 ní oríṣi méjì tó máa ń mú kí kíndìnrín tètè bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá tí wọ́n ti gbà nílùú Ìbàdàn fún ìwádìí àgbáyé, wọ́n bá oríṣi yìí níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Kì í ṣe èpè o. Ohun tó jẹ́ kó pọ̀ láàárín wa ni pé ó ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ kòkòrò tó ń fa àìsàn oorun, ìyẹn àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ó gba àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ eṣinṣin, ó wá ń dá kíndìnrín wa lóró.

Fún ọdún mẹ́rìnlá, ohun tí wọ́n ń kọ́ni ni pé ó dìgbà tí ènìyàn bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá kó tó lè ṣe é ní jàǹbá. Ní oṣù Kẹwàá 2024, New England Journal of Medicine gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ènìyàn tó lé ní 8,000 ní Nàìjíríà àti Gánà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wà lára àwọn tó ṣe é, bíi Rasheed Gbadegesin àti Akinlolu Ojo. Wọ́n rí i pé nǹkan bí 30 nínú 100 ló jogún rẹ̀ lápá méjèèjì, nǹkan bí 43 nínú 100 sì jogún rẹ̀ lápá kan. Èyí tó wá yí ẹ̀kọ́ àtijọ́ padà ni pé àwọn tó jogún rẹ̀ lápá kan ṣoṣo náà wà nínú ewu ju àwọn tí kò ní in rárá lọ, pẹ̀lú nǹkan bí 18 nínú 100.

Dókítà tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣáájú 2010 kò gbọ́ orúkọ APOL1 ní yunifásítì. Èyí tó parí ní 2015 gbọ́ ọ, àmọ́ ohun tó gbọ́ ti yí padà. Oògùn náà ń yí padà: ní 2020, ìwádìí ńlá kan fi hàn pé dapagliflozin, tó bẹ̀rẹ̀ bí oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ń fa ìbàjẹ́ kíndìnrín sẹ́yìn, títí kan lára ẹni tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà. Mélòó nínú àwọn dókítà tó dá nìkan ń ṣe ilé ìwòsàn tiwọn láti Adátán dé Ọbántokò ló ráyè gbọ́ gbogbo èyí? Ẹni tó ń wo ogójì aláìsàn lójúmọ́, tó tún ń ra dísù sínú jẹnẹrétọ̀, ìgbà wo ló fẹ́ ka ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn?

Àwọn ẹbí mi ní ká pe dókítà àkọ́kọ́ yẹn lẹ́jọ́. Wọ́n ní kí ni mo wá kàwé òfin fún. Mo rò ó dáadáa. Tí wọ́n bá fẹ̀sùn àìbìkítà kan dókítà, ohun tí ilé ẹjọ́ máa ń wò ni ohun tí dókítà tó mọṣẹ́, tó wà ní ipò kan náà, ì bá ṣe. Ìlànà ìwà iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà náà ka kí àmì àìsàn hàn gedegbe kí dókítà má rí i mọ́ àìbìkítà. Mo lè fi ọ̀rọ̀ ìtọ̀ òru yẹn jà. Mo lè jàre, mo sì lè jẹ̀bi. Mi ò gbé ẹjọ́ náà. Dádì fúnra wọn ló ní àwọn ò fẹ́, wọ́n ní ọkùnrin náà ló gba ẹ̀bí ọmọ àwọn méjì. Àmọ́ ohun tó jẹ mí lógún ju ẹjọ́ lọ ni pé ohun tí wọ́n kọ́ ọkùnrin yẹn ló ṣe. Wọ́n kọ́ ọ ní 64.

Kì í ṣe pé òfin ò rò ó. Medical and Dental Council of Nigeria, MDCN, ló ń fún dókítà ní ìwé àṣẹ. Láti máa tún ìwé àṣẹ náà gbà, dókítà gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti kó point jọ látinú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí. Àwa lọ́yà náà ní irú rẹ̀, ó wà nínú ìlànà iṣẹ́ wa. Ṣé kí n jẹ́wọ́? Mo ti tan Zoom sílẹ̀ rí, mo pa kámẹ́rà, mo lọ ń tẹ ẹ̀bà ní kíṣìnì. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti ń dárúkọ àwọn tó máa gba ìwé ẹ̀rí. Orúkọ mi wà níbẹ̀.

Èyí ló ń bà mí lẹ́rù nípa point. Ènìyàn lè kó o jọ ní ìpàdé tí kò ní í ṣe pẹ̀lú aláìsàn tó máa jókòó síwájú rẹ̀ lọ́la. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀ ń ṣe àpérò lọ́dọọdún, àwọn dókítà kíndìnrín náà ní tiwọn. Ó dára. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bá ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ta ló ń sọ ọ́ fún dókítà Ìta-Ọ̀ṣìn? Ta ló ń sọ ọ́ fún ẹni tó ni láàbù tó tẹ nọ́ńbà méjì sórí ìwé kan? Kọ̀ǹpútà láàbù náà nílò kí ẹnì kan yí ìlànà ìṣirò inú rẹ̀ padà ni o. Kò ju iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan lọ.

Tó bá sì di Ọjọ́ Kíndìnrín Lágbàáyé, Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù Kẹta, a ó wọ T-shirt, a ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní Kútọ̀, a ó ya fọ́tò. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n á sọ lọ́jọ́ yẹn, àwa aláìsàn ni wọ́n ń bá wí: ẹ yé mu àgbo tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ yé bóra, ẹ yé kó oògùn ara ríro mì. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Dádì Lafenwá gbé diclofenac sínú mọ́tò bí ẹni gbé gúgúrú, èyí náà ò ran kíndìnrín wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìpín ti dókítà ńkọ́? Èmi ò tíì rí T-shirt tí wọ́n kọ ọ́ sí pé, "Dókítà, ṣé ẹ ti yí ìlànà ìṣirò yín padà?"

Ẹ jẹ́ ká sọ ti owó. Ní oṣù Kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé iye tí wọ́n ń gbà láti fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan. Federal Medical Centre tó wà ní Ìdí-Àbà, l'Abẹ́òkúta níbí, wà lára wọn. Mo yìn wọ́n fún un tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kú. Ní ọdún kan, ìgbà 156 nìyẹn. Ní iye àtijọ́, ₦7,800,000. Ní iye tuntun, ₦1,872,000. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn kéde ní 2024 jẹ́ ₦77,000, ìyẹn ₦924,000 lọ́dún. Tí òṣìṣẹ́ náà kò bá jẹun, tí kò wọkọ̀, tí kò san owó ilé, ẹ̀dínwó yẹn ṣì jẹ́ owó oṣù ọdún méjì fún ọdún kan. Ti Dádì kò tilẹ̀ bá ẹ̀dínwó náà. Wọ́n ta mọ́tò. Mọ́tò tí wọ́n fi rán wa níléèwé, wọ́n tà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Owó wákàtí méjì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò tó owó ẹ̀jẹ̀ fífọ̀ ẹnì kan fún oṣù kan. Àwọn ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n wà nílùú yìí, wọn ò jìnnà. Kí MDCN sọ ọ́ di dandan pé nínú point tí dókítà tó ń wo gbogbo àìsàn máa kó jọ, kí díẹ̀ wá láti inú ẹ̀kọ́ kíndìnrín àti ọ̀nà ìtọ̀. Kí àwọn dókítà kíndìnrín àti oníṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀ máa bọ́ sígboro lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n pe àwọn dókítà aládàáni, àwọn oníláàbù, àwọn nọ́ọ̀sì, kódà àwọn oníkẹ́mísì, torí ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn awakọ̀ ti ń ra diclofenac. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ní 1923. Ó kàwé ìṣègùn ọpọlọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó padà wá sí Aró ní ọdún 1954, ó sì jókòó ti àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ kó lè mọ ohun tí ilé ẹ̀kọ́ òyìnbó kò kọ́ ọ. Ẹni tó ti gboyè dókítà ni o.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lórí fóònù, tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa gbé bàbá tàbí ìyá yín lọ sọ́sibítù, tàbí tí ẹ ti japa tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń fowó ránṣẹ́, ẹ gba ìwé àyẹ̀wò náà sọ́wọ́ yín. Tí nọ́ńbà kíndìnrín bá pé méjì, ẹ béèrè ìdí. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti wo prótíìnì nínú ìtọ̀, torí kíndìnrín lè ti máa jò kí nọ́ńbà tó já wálẹ̀. Tí bàbá bá ń jí lóru láti tọ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà bí ojú tilẹ̀ ń ti bàbá láti sọ ọ́. Dádì kò sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo sọ ọ́, mo sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni ẹ̀rọ fi fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ prósítéètì náà, ọ̀nà là, kíndìnrín sì jí díẹ̀. 28 ni nọ́ńbà wọn báyìí. Wọn ò fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́, wọn ò sì wakọ̀ mọ́. Iwájú ilé ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n ń ka mọ́tò tó ń lọ Èkó.

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, mo lọ bá dókítà àkọ́kọ́ yẹn. Mi ò bínú lọ. Mo mú ìwé nọ́ńbà méjì náà dání, mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó béèrè bí Dádì ṣe ń ṣe. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi líǹkì ìlànà tuntun yẹn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp." Aláìsàn méjìdínlógún ló ń dúró níta nígbà tí mo jáde, mo kà wọ́n. Mo fi líǹkì náà ránṣẹ́ kí n tó dé ìdí mọ́tò. Aago mọ́kànlá alẹ́ kọjá díẹ̀ kí àmì méjèèjì tó di búlúù, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan: ṣé ó kan àwọn tí mo ti dá padà sílé náà?